Alápá-Kan Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ká má purọ́, ìwé ni wọ́n ní kí Ìyá Aránṣọ lọ kà. Ṣùgbọ́n ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, lẹ́tà inú rẹ̀ sì wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná orí. Kó tó dé ojú ewé kejì, oorun á ti gbé e lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ní, "Màámi, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ jàre. Eré ìtàn kan ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo àwọn tó dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ aládùúgbò."

Ìyá Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀, Alágídí, ni wọ́n jọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé ọmọ-ìlú ní orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn ń gbé. Ẹni tó bá yege á dúró ti ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fún un kó fi palẹ̀ ẹrù mọ́, kó padà síbi tó ti wá. Wọ́n wo eré náà dé ìdajì, Alágídí kú.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé. Ìyá Aránṣọ kò tíì sunkún. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de omi ojú, omi ò wá, wọ́n bá gbé báàgì wọn. Àyà rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́: ó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀ pé ó wà. Ó ń gán aṣọ oníbàárà, ó ń wo eré. Ó wò ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, akọ̀wé kan tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ wọ́ ló jókòó níwájú rẹ̀.

"Màámá, ìbéèrè márùn-ún ni. Bí ẹ bá ti gba mẹ́ta, ẹ ti di tiwa. Ibo ni wọ́n ti kọ òfin àkọ́kọ́?"

"Ilé alágbẹ̀dẹ. Òjò ti wọ ilé ìgbìmọ̀."

"Èèyàn mélòó ló fọwọ́ sí i?"

"Mẹ́tàlá. Ìkẹrìnlá ń ṣu lẹ́yìn ilé."

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. "Mà, ìyẹn ò sí nínú ìwé tèmi o. Àmọ́ mẹ́tàlá ni. Ó ku fọ́tò mẹ́ta."

Ó gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀. Ọkùnrin sísanra kan ni, orí rẹ̀ pá.

"Ta nìyí?"

"Ṣé alásè wọn ni?"

"Olórí Àkọ́kọ́ ni, mà."

"Èyí? Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni èyí tí mo mọ̀, eyín rẹ̀ funfun báláú! Obìnrin mẹ́ta ló ń jà lé e lórí!"

"Òṣèré nìyẹn, mà."

Ìgbà yẹn ló yé e. Kò mọ ojú ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ogójì ọdún tó ti ń wọn aṣọ sí èèyàn lára, tó mọ̀ pé ẹ̀wù kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́, òun ló wá fi òṣèré ṣe baba ńlá. "Àgbàyà ni mí o!" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dún, ṣùgbọ́n bí ikọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn ògiri ló ṣe ń gbọ́ ọ.

Fọ́tò kejì, kò mọ̀ ọ́n. Ó ku ẹyọ kan. Bí kò bá gbà á, oṣù mẹ́ta, ó di gbére sí ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó dúró kí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ò wá.

Ọkùnrin tó gbẹ kan ló wà nínú ẹ̀kẹta. Wọ́n ká apá ẹ̀wù rẹ̀ kan sókè, wọ́n rán an mọ́ èjìká.

Nínú eré yẹn, ọ̀gágun kan wà tí wọ́n ti gé lápá. Alágídí ní òṣèré náà kò lápá lóòótọ́. Ìyá Aránṣọ ní irọ́ ni, wọ́n di apá náà mọ́ ọn láyà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi jiyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó dìde, ó na abẹ́rẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n: "Alágídí, ẹ wo bó ṣe wú! Ṣé ọyàn ló hù síbẹ̀ ni?" Alágídí ò fèsì. Inú ìyàwó dùn, ó ní òun borí ọkùnrin yìí lónìí. Títí eré ọjọ́ náà fi parí ló ń yangàn, kó tó wojú ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ara ọkùnrin náà ti tutù.

Apá ẹ̀wù inú fọ́tò yìí pẹlẹbẹ. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gágun Alápá-kan," ó ní. "Ọwọ́ òsì ló fi fọwọ́ sí òfin."

"Ẹ gbà á, mà! Ẹ kú oríire." Akọ̀wé ṣí fáìlì. "Orúkọ méjì ló wà níbí. Ẹnì kejì ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ó mú rúlà, ó fa ìlà gba orí orúkọ náà kọjá. Ìyá Aránṣọ wo ìlà náà bó ṣe máa ń wo ojú rírán. Ó tọ́, kò wọ́ níbì kankan.

"Ọwọ́ rẹ dúró," ó sọ fún un.

Ọmọ rẹ̀ ń dúró lórí bẹ́ǹṣì níta. "Màámi?"

"Mo gbà á."

Ọmọ pariwo, ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ.

"Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀, Màámi. Ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Ó máa dùn," ó ní. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ibo ni ilé ìtọ̀ wọn wà?"