Ìrèké Tí Ràsáàkì Fi Sílẹ̀

Omi garawa kejì ni Àrínọlá ń dà sídìí ìrèké ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ọ̀kadà gbé Fọlákẹ́mi, ọ̀kan lára àwọn aṣàyẹ̀wò, dé láti oko ìwádìí, níbi tí Ràsáàkì, ọkọ Àrínọlá, ti ṣiṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ràsáàkì ló mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ìrèké kan tí ọ̀dá kì í pa, tó fi ra òdòdó ìrèké aládùn. Ó gbin ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé wọn ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ó gbin ìyá rẹ̀ náà síbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ìrèké náà gbó ni ikú dé, ikú ìkà. Wọn ò bímọ. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọmọ ìrèké méjèèjì ni lóòótọ́, orúkọ Ràsáàkì ni àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn yóò máa pè é. Àrínọlá fúnra rẹ̀ ló já ewé rẹ̀ ránṣẹ́.

"Báwo ni, àǹtí? Ṣé èsì ewé náà ti jáde?"

Fọlákẹ́mi jókòó ná. Ó ní àwọn fún omi ewé náà, àwọn fi iná mànàmáná ya èròjà inú rẹ̀ sọ́tọ̀ títí ó fi hàn ní ìlà-ìlà. "Ó yẹ ká rí ìlà baba àti ti ìyá lára ọmọ. Ti ìyá nìkan la rí, ẹ̀gbọ́n. Ìyá yẹn gan-an lẹ ń bomi rin."

"Rárá o! Èyí ni Ràsáàkì ń bomi rin láàárọ̀ lálẹ́. Kò bu ife omi kan sí èkejì rí."

"Ó sọ fún wa pé òun ò ní bomi rin ọmọ náà, kóun lè mọ̀ bóyá ọ̀dá ò ní pa á. Èkejì ọ̀hún dà?"

Àrínọlá gbé garawa sílẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n hú u tìdítìdí lọ́jọ́ fídáù, kí wọ́n lè ráyè ta tapólì, kí wọ́n sì pín in fún èrò bíi sàráà. Ó rò pé èyí tí ọkọ òun ò kà sí ni. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì Ràsáàkì nìkan ni òun rí.

"Ṣé kò sẹ́ni tó gbìn nínú rẹ̀?"

"A jẹ ẹ́ tán, àǹtí. Gbogbo wa la jẹ ẹ́."

Fọlákẹ́mi rọra béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni lóko wọn kò tíì mọ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Ó dùn ju ìyá rẹ̀ lọ."

Bó ti sọ ọ́ tán lẹkún gbọ̀n ọ́n. Gbogbo àdúgbò ló ti tọ́ ọ wò, àfi Ràsáàkì.