Ìlú Tí Kì í Béèrè Èènì

Kó, kó, kó. Ràṣídátù fi ìka kan ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì dẹ etí sí i.

Láńre tó ń bá wọn ta ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. "Àlájà, búlọ́ọ̀kù gidi ni o."

Àlájà! Obìnrin tí kò tíì fojú kan Mẹ́kà. Ẹni tó bá ń fi oyè tí o kò jẹ kí ọ, dákun, di àpò rẹ mú. Ràṣídátù fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó yọjú wo inú gọ́tà. Omi yọ. Gọ́tà mọ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá.

Ayédùn Tuntun ni wọ́n pe ìlú náà, lẹ́yìn Akóbò lọ́hùn-ún. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, igbó ni. Ní báyìí, títì gún gbọọrọ, gbogbo ilé ní nọ́ńbà, báńkì ti dé, ilé ìwòsàn ti dé, àwọn èèyàn sì ń kó ìsọ̀ wọn bọ̀ níbẹ̀ láti Dùgbẹ̀ àti Ṣàngó. Abdulmojeed, àbúrò rẹ̀ tó bá a wá lónìí, ló rí i, tó wá ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó kó ìsọ̀ rẹ̀ wá síbẹ̀. Kò kúkú jẹ̀bi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ràṣídátù ti ń ta gàrí àti ẹ̀wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi, ọjà kú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, kòkòrò sọ ẹ̀wà àpò mẹ́ta di ìyẹ̀fun. Fadékẹ́mi, ọ̀dọ́mọbìnrin tó fẹ́ gba ìsọ̀ Agbowó náà, ń retí ìpè rẹ̀ lónìí. Tó bá ti gbà á, ó parí nìyẹn.

Ìfura loògùn àgbà, Ràṣídátù sì ti lo oògùn náà yó láti àárọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìsọ̀ tó kọjú sí i, níbi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀ríolúwa ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Oníbàárà kan wọlé, ó sanwó, ó lọ. Òmíràn bákan náà. Ẹ̀kẹta ra ẹ̀wà kọ́ńgò mẹ́rin, kò ná an, kò ní kí wọ́n fi èènì sí i. Ràṣídátù dìde fùú.

"Abdulmojeed, wọ́n háyà wọn ni!"

"Wọ́n háyà ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àwọn oníbàárà yẹn! Ní Ìbàdàn yìí, ta ló máa ra ẹ̀wà kọ́ńgò mẹ́rin tí kò ní í béèrè èènì? Ọwọ́ mi ti tẹ̀ wọ́n!"

Kí àbúrò rẹ̀ tó dá a dúró, ó ti sáré bá obìnrin tó ra ẹ̀wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló ní kí ẹ wá ra ọjà níbí lónìí?"

"Ọkọ mi ni," obìnrin náà dáhùn, ó ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Ó ní ẹ̀wà ló ń wu òun jẹ." Ó ṣí géètì ilé kẹta, ó wọlé, àwọn ọmọ sì pariwo "Mọ́mì!" láti inú ilé.

Ìtìjú bá Ràṣídátù. Ìsọ̀ Ẹ̀ríolúwa ló sá wọ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Ẹ̀ríolúwa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, mà. Ṣàngó lèmi náà ti wá. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo bu èènì fún ọ̀gá kan, ó gbé e padà wá nírọ̀lẹ́, ó ní mo ti ṣi ìwọ̀n."

"Ọjà wá ń tà?"

"Háà! Kò tà báyìí rí láyé mi."

"Kí lorúkọ ọ̀gá náà?"

Ẹ̀ríolúwa ronú díẹ̀. "Ilé kẹrìnlá ni, mà."

Ràṣídátù jáde. Kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí ìlú náà lẹ́sẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì wá bà á wàyí. Àṣé láti àárọ̀ tó ti ń kan ògiri, ó ń bẹ Ọlọ́run kó rí èrú ni. Ì bá rí ẹyọ kan péré, ì bá padà sí Agbowó tayọ̀tayọ̀.

Fóònù dún. Fadékẹ́mi ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé kí n máa bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́?"

Ràṣídátù wo títì náà lọ, ó wò ó bọ̀.

"Máa bọ̀," ló wí. Abdulmojeed mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mú bírò, kó o kọ ti àwọn ọmọ tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ẹwàolúwa, gàrí Ìjẹ̀bú nìkan ló ń mu. Suhail máa ń tijú. Tó bá dúró sẹ́yìn, ìwọ ni kó o pè é. Bébi bá ń pa Láyí, á máa kanra, má dá a lóhùn. Ayọ̀kúnnúmi..."



"Mo ń kọ ọ́, mà," ni Fadékẹ́mi wí. "Ayọ̀kúnnúmi ńkọ́?"