Àfòpiná Tí Kò Lẹ́nu

Àárò ọkọ ń sọ Somoe, ó kàn ń ṣe ọkàn akin ni. Láti ìgbà tí Shaweji ti bá àwọn apẹja lọ pàgọ́ sí erékùṣù Jibondo, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ kusi sì ti fẹ́ dé. Tó bá ti dé, ọkọ̀ ojú omi kankan ò ní lè padà sí Kilwa fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àfòpiná ńlá kan wọlé, aláwọ̀ ewé, onírù méjì, ó bà sára ògiri.

"Má lé e o," ni Bi Pili, ìyá ọkọ rẹ̀, wí. "Àlejò ń bọ̀ nìyẹn. Fi ìrẹsì kún èyí tó wà lórí iná."

Inú Somoe dùn débi pé ó fọ́ àgbọn méjì sí ọbẹ̀.

Irú àfòpiná yìí ló dá ìjà sílẹ̀ kí Shaweji tó lọ. Somoe ní kò yàtọ̀ sí taa, ẹja pẹlẹbẹ tó ń na apá lábẹ́ omi, tí ìrù rẹ̀ gùn bí pàṣán. Shaweji fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ obìnrin yìí! Taa máa ń rìn kiri inú omi wá oúnjẹ ni. Àfòpiná tìẹ ò tiẹ̀ lẹ́nu tó máa fi jẹun. Ibi tó bà sí ló ti ń retí ẹnìkejì rẹ̀ títí tó fi máa kú."

Ọ̀rọ̀ náà dun Somoe wọra. Nígbà tí ọkọ̀ ń ṣí, kò sọ pé kó má lọ. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àgò onílé o!"

Somoe fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó sáré yọ. Mfaume, ọ̀rẹ́ Shaweji, ló dé, òun nìkan, ó gbé taa gbígbẹ kan sí èjìká.

"Ìyàwó wa, ọkọ ẹ ní o borí. Ó tẹ́ eléyìí sórí iyanrìn, ó ní àfòpiná gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹja ń wọ àwọ̀n dáadáa, ó di ìgbà tí kusi bá lọ kó tó wálé."

Mfaume jókòó, ó sì jẹ ìrẹsì tí Somoe sè de ẹlòmíràn. Ó tún bu sí i.

"Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" ni Bi Pili wí. "Àlejò dé."

Mfaume fọwọ́. "Ọkọ̀ wa ń padà sí Jibondo láàárọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ pé àlàáfíà la wà," ni Bi Pili dáhùn, bí wọ́n ti máa ń wí ní Kilwa, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó.

Somoe wo ara ògiri. Àfòpiná náà ò mira.

"Ẹ má bínú, Ìyá, èmi ò wà ní àlàáfíà o," ó wí. "Mfaume, sọ fún un pé àfòpiná ni kò lẹ́nu. Èmi ní ẹnu tèmi. Mo ní kó máa bọ̀ nílé kí kusi tó dé."