Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Alágogo

Ẹ̀rín náà tún dún lẹ́yìn rẹ̀. Alágogo kò wẹ̀yìn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ ti lọ, ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó fọn fèrè tí gbogbo wọn yóò fi dẹ́kun eré, tí wọn yóò máa rìn. Ó ti fèrè bọ ẹnu. Lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ sọ nǹkan kan tí kò gbọ́ délẹ̀, Gbàjámọ̀ sì dáhùn pé, "Irọ́ ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Irọ́ gbuu ni!" Ni àwọn méjèèjì bá tún bú sẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé. Alágogo kò fọn fèrè.

Ó ń sáré lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀, ẹ̀rín ti dópin, wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó di mẹ́rin, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ìró bàtà lórí títì. Ìgbà yẹn ló tó fọn ún. Inú rẹ̀ dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Ẹgbẹ́ Ìgbín ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn méjìlá ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè sáré mú ewúrẹ́ nínú wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti sáré gba àmì ẹ̀yẹ nígbà kan ni kóòṣì wọn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ó máa ń kó wọn jọ sẹ́nu géètì pápá ìṣeré, á ní, "Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ má wo ẹni tó yára. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi. Ẹni tó bá ti dé òpin ti ṣe é." Lẹ́yìn náà á bá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá lọ, á sì fi Ìgbín sílẹ̀ fún òfin méjì. Èkíní: ẹ sá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ rin ìṣẹ́jú kan, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi padà dé. Èkejì: ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí eré, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, agbára rẹ̀ yóò tán lọ́nà.

Nítorí òfin kejì yìí ló ṣe pín wọn ní méjì méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yá sí. Nọ́ọ̀sì bọ́ sọ́wọ́ Gbàjámọ̀. Nítorí òfin èkíní ló ṣe gba aago àti fóònù gbogbo àwọn yòókù sínú àpò kan, tó wá gbé fèrè fún Alágogo. Ta lèèyàn tún máa fi ìṣẹ́jú síkàáwọ́ ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń tún aago ṣe? Ọdún méjìlélógún ló ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn, tí awò wà lójú kan, tó ń tú inú aago palẹ̀. Bí aago báńkì tó wà ní òdìkejì bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, aago báńkì ni wọ́n ń tún ṣe.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ sáré. Nọ́ọ̀sì ni. Ìje kìlómítà mọ́kànlélógún kan wà tí ìlú wọn máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n ń fún àwọn eléré, bọ́ọ̀sì kan sì máa ń tẹ̀ lé ẹni tó kẹ́yìn. Agbálẹ̀ ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì náà, nítorí ńṣe ló ń gbá àwọn tí àkókò ti kọjá lórí wọn kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, Agbálẹ̀ gbé Nọ́ọ̀sì ní kìlómítà kẹtàdínlógún. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń sáré lọ títí wọ́n fi gbé e dé òpin. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ ó ra bàtà tuntun, ó ní, "Bó bá gbà kí n rá, màá rá débẹ̀. Mi ò wọ bọ́ọ̀sì yẹn mọ́ láyé mi." Ọkọ rẹ̀ sì sọ pé òun á bá a lọ.

Kò mọ̀ pé Gbàjámọ̀ á wà níbẹ̀. Ọdún kẹta nìyí tí ìyàwó Gbàjámọ̀ ti kú. Ó fi ọdún díẹ̀ kéré sí Alágogo, ó sì máa ń kí i dáadáa. Àmọ́ ẹnu ni ọkùnrin yìí fi ń gé irun, abẹ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nílé Alágogo, "Ṣé ẹ ti dé?" "Mo ti dé." "Kí la máa jẹ?" ni ọ̀rọ̀ máa ń mọ, lẹ́yìn náà ó di tẹlifíṣọ̀n. Ní Sátidé, fún wákàtí méjì gbáko, ìyàwó kan náà á máa tàkùrọ̀sọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Owú jẹ ẹ́ dé eegun. Ó fẹ́ yí ojú padà wò wọ́n, ṣùgbọ́n àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fèrè ló kù sí i lọ́wọ́.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe di mẹ́rin nìyẹn. Nígbà tó yá, mẹ́rin di mẹ́rin àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú kan ìrìn sì di ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Lójú tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fura. Màmá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì dàgbà jù wọ́n lọ, kàn ń bi kóòṣì pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti fi òkè kún ọ̀nà yìí ni?" Ọ̀rọ̀ dín kù lẹ́yìn Alágogo, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kóòṣì ní kí wọ́n ṣe ìdánwò: kìlómítà mẹ́rìndínlógún ní wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Òun á dúró dè wọ́n lópin. Ẹni tí kò bá bá àkókò náà, òun ò ní kọ orúkọ ẹ̀ fún ìje.

Fèrè Alágogo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní kìlómítà kọkànlá, Màmá Tíṣà jókòó sẹ́bàá títì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ní ìkẹtàlá, Nọ́ọ̀sì di orúnkún mú, ó ń tiro. Alágogo dé òpin ṣáájú, ó yíjú padà, ohun tó rí sì gún un láyà: Gbàjámọ̀ ló di ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, tó ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti kọjá lórí wọn.

"Kí ló dé?" ni kóòṣì bi wọ́n. "Oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ń lọ déédéé. Alágogo, ṣé aago yín dáa?"

"Aago mi dáa," ló yára fèsì.

"Kóòṣì, ẹ má fi aago Ẹ̀gbọ́n ṣeré o," ni Gbàjámọ̀ wí bó ṣe ń mí lókèlókè. "Àwa la ò kúnjú ìwọ̀n."

Kóòṣì mi orí. Ó ní òun á fún wọn láyè kan sí i ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá tún bá a, kó gba ìje kékeré ti kìlómítà márùn-ún. Ojú tí Nọ́ọ̀sì fi wo àwọn eléré láti fèrèsé bọ́ọ̀sì lọ́dún tó kọjá ló fi wo ilẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga ní pálọ̀, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì di yìnyín lé orúnkún rẹ̀. Alágogo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ táwẹ́ẹ̀lì náà.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ gan-an?"

"Ó ń dùn mí."

"Bóyá kó o kúkú gba ti kìlómítà márùn-ún lọ́dún yìí. Ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà."

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá," ló wí.

"Kí nìyẹn?"

"Eré tí ẹ mú wa sá kẹ́yìn kí ẹsẹ̀ mi tó yẹ̀. Ìrìn tó tẹ̀ lé e ò sì tó ìṣẹ́jú kan."

Ọwọ́ Alágogo dúró lórí táwẹ́ẹ̀lì. "Ta ló fún ẹ ní aago?"

"Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń di ọwọ́ aláìsàn mú, tí mò ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Tí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá ka ìṣẹ́jú kan fún yín. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"O ò ṣe wá sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́? Ta ló tún máa gbé aago ẹ̀ wá fún yín? Mo ní ẹ máa ṣíwọ́. Mo ní ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń retí yín." Ó gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wá fẹ́ kí n gba ti kìlómítà márùn-ún."

Ojú ti Alágogo, síbẹ̀ owú kò jẹ́ kó dákẹ́. "Kí lẹ̀yin méjèèjì máa ń sọ gan-an?"

"Ẹ ò ṣe bi mí látọjọ́ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Ọ̀rọ̀ irun. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ tó kú. Ọ̀gá wa tuntun ní wọ́ọ̀dù, tó ń sùn lórí ìdúró. Ó ń bi mí ní nǹkan, mo sì ń dá a lóhùn. Ìgbà wo lẹ bi mí ní nǹkan kẹ́yìn, tí kì í ṣe oúnjẹ?"

Alágogo wá ìgbà náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá ìdè kékeré inú aago tó jábọ́ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kò rí i.

"Eré yẹn ni mo fẹ́ sá parí," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Òun nìkan ni mò ń wá. Mi ò wá ọkùnrin."

Ní Fúráìdé, Alágogo bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó fi ẹ̀mú kékeré yọ bátìrì rẹ̀, ó gbé e sókè síwájú iná. Bí bátìrì bá kú, ẹ̀bi bátìrì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé e dání títí oníbàárà kan fi wọlé tó kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó dé e.

Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì kó wọn jọ sẹ́nu géètì. "Alágogo, mo rò ó títí," ló wí. "Ṣé kì í ṣe pé bátìrì aago yín ti ń kú?"

Gbogbo wọn wò ó. Ọ̀nà àbáyọ là sílẹ̀ gbayawu. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, ó ń di báńdéèjì mọ́ orúnkún, kò gbójú sókè.

"Aago mi ò ṣe nǹkan kan," ni Alágogo wí. "Èmi ni. Mo fi kún eré yín, mo sì gé ìrìn yín kù. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Nítorí kí ni?"

"Owú ni. Mi ò fẹ́ kí àwọn kan rí èémí tí wọ́n á fi sọ̀rọ̀."

Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ lanu. "Hà! Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló lọ fi sẹ́nu! Alágogo, owú tìrẹ, ẹsẹ̀ tèmi!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín rárá. Gbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ ò bá ti pè mí."

Kóòṣì na ọwọ́. Alágogo gbé fèrè lé e lọ́wọ́, ó bọ́ aago náà mọ́ ọn. Màmá Tíṣà ni kóòṣì kó méjèèjì fún.

"Màá fọn ún bí ìgbà tí mò ń pe ọmọ wọ kíláàsì," ni ìyá náà wí. "Ẹni tó bá pẹ́ á kúnlẹ̀!"

Eré bẹ̀rẹ̀. Gbàjámọ̀ lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Tíṣà. Alágogo bọ́ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ láìsí aago. Wọ́n sá ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n rìn. Wọ́n tún sá òmíràn. Níwájú, Gbàjámọ̀ sọ nǹkan kan tó pa Màmá Tíṣà lẹ́rìn-ín, Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ọ. Owú tún ru sókè díẹ̀ nínú Alágogo. Ó gbé e mì.

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ ọ́n?" ló béèrè.

"Kí ni?"

"Pé ìṣẹ́jú ti pé. Láìwo aago."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò ó, láti mọ̀ bóyá ìjà ni tàbí ìbéèrè. "Aago ògiri wọ́ọ̀dù wa kú lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ló wí. "Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ó ní kí n yé wá aago kiri. Ó ní kí n máa ka ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ lórí irin, ó fi ìka lù ú fún mi lára bẹ́ẹ̀dì. Ojoojúmọ́ ló ń dán mi wò."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fẹ́ra. Kò sọ èyí fún un rí. Tàbí ó ti sọ ọ́ rí, tí òun ò gbọ́.

"Bàbá yẹn ńkọ́?" ni Alágogo bi í. "Ṣé ara ẹ̀ yá?"

"Ẹ dúró ná." Nọ́ọ̀sì gbé ìka kan sókè, ó ń sáré lọ. "Mẹ́rin. Mẹ́ta. Méjì."

Fèrè dún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Alágogo ti gbé ọwọ́ sókè láti wo aago kó tó rántí, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀.

"Ara ẹ̀ yá," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ sílé."

"Kí ló dé tí kò fẹ́ lọ?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè, ó sì sún mọ́ ọn kó lè gbọ́.