Láìsí Ipá Ẹnikẹ́ni

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí lẹ́tà náà parí, òun gan-an ló sì há Fúnlọ́lá lọ́fun.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní Agbowó ló jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Bódìjà kí ìjọba tó rántí fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣakí lọ́hùn-ún ni ilé-ìwé ọ̀hún wà. Bàbá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kò sì ṣeé gbé lọ, torí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni dókítà ń rí i níbí. Òní ni wọ́n ní kó fèsì mọ. Ó ti pinnu pé òun ò lọ, bí èèyàn bá lè pe irú èyí ní ìpinnu.

Islamiyat tó ń bá a tẹ lẹ́tà náà gbójú sókè. "Mọ́mì, ìjọba ní èyí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: 'Mo kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fúnra mi, láìsí ipá ẹnikẹ́ni.' Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

Fúnlọ́lá wá ẹni tó fipá mú òun títí, kò rí i. Bàbá ò sọ pé kó má lọ. Ọ̀rọ̀ ò tilẹ̀ já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Àná ni Akínlolú, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kánádà, sì sọ ọ́ lórí fóònù pé, "Sísì mi, ẹ̀yin lẹ yàn án o. Kò sẹ́ni tó fipá mú yín." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́, irú àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò lára.

Ó pè é lójú ẹsẹ̀. "Akín, mo ti yí ọkàn padà. Mò ń lọ sí Ṣakí. Máa bọ̀ wá tọ́jú bàbá."

Akínlolú figbe ta. "Háà, sísì mi! Ìwé mi ò tíì jáde. Bí mo bá kúrò níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ipò tí mo wà ni ò gbà."

Inú bí Fúnlọ́lá, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é, torí ó mọ̀ pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: tí ọ̀rọ̀ bá kan Akínlolú fúnra rẹ̀, ipò ni, tó bá kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yíyàn ni.

"Má dààmú," ó ní. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí wàá sọ ni." Ó pa fóònù.

"Islamiyat, yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kọ ọ́ pé, 'Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ipò tí mo wà ni ò gbà.'"

"Mọ́mì, wọ́n máa dá a padà o."

"Kí wọ́n dá a padà."

Ó buwọ́ lù ú, Islamiyat sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba. Nínú gbogbo ìwé náà, ọ̀rọ̀ tuntun yẹn nìkan ló dá a lójú pé òun fúnra òun ló yàn án.

Aago méjì ti fẹ́ lù, obìnrin tó bá a jókòó ti bàbá á sì fẹ́ máa lọ. Fúnlọ́lá dá kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ó tó àkókò láti yí bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì.