Ẹ́ńjìnnì Tí Rónkẹ́ Rà ní Àlàbá

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa kí n tó lọ bá a jà," ni Rónkẹ́ wí. "Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ni ọmọbìnrin yẹn tà fún wa?"

Ọlábọ̀dé tẹjú mọ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà, kò wo ojú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ ọn láàárọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú tó fi ké, tó sì gan pa. Okùn rẹ̀ kò ṣeé fà mọ́.

"Ó dá mi lójú," ni ó fèsì. "Àwọn ará Àlàbá, ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni?"

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Okokomaiko ni Rónkẹ́ ti ń fẹ́ táyà. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Rónkẹ́ ló gbà á ṣe nígbà tí àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ gbó, tó ń mu ọ́ìlì bí omi, tó sì ń rú èéfín sí àwọn oníbàárà lójú, Ọlábọ̀dé ló sáré lọ bá. Wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin náà ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Ajangbadi. Òun ló tẹ̀ lé e lọ sí ọjà Àlàbá, òun náà ló sì ṣa tòkunbọ̀ yìí.

Bí Rónkẹ́ ṣe yíjú láti mú báàgì rẹ̀, Ọlábọ̀dé yọ gééjì ọ́ìlì. Ó gbẹ táútáú.

Ìgbà yẹn ló rántí. Peace, ọmọbìnrin tó ta ẹ́ńjìnnì náà, ti kìlọ̀ fún un: "Daddy, kò sí ọ́ìlì nínú ẹ̀ o. Ẹ da tuntun sí i kí ẹ tó tan án." Ó ti rẹ́rìn-ín sí i pé, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì." Láàárọ̀, bó ti ń de bẹ́líìtì ló ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn tó dúró wò ó. Ìròyìn yẹn ló gbé e lọ tó fi gbàgbé ọ́ìlì.

Ó ti gééjì padà, ó nu ọwọ́. Ó lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Kò sọ ọ́.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé Àlàbá, Rónkẹ́ kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù Peace tán tó ti fi igbe ta.

"Mo sọ fún Daddy pé kò sí ọ́ìlì," ni Peace ń wí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo sọ ọ́!"

"O tún ń purọ́ mọ́ àgbà! Ọ̀gá Bọ̀dé yìí ni yóò gbàgbé ọ́ìlì?"

Èrò ti pé lé wọn lórí. Ẹnì kan pe ọmọbìnrin náà ní olè. Omi lé ròrò sí i lójú, ó kọjú sí Ọlábọ̀dé.

"Daddy, ẹ sọ̀rọ̀ now. Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ọlábọ̀dé ṣí fìlà lórí.

"Ó sọ fún mi," ni ó wí. "Ó sọ fún mi. Èmi ni mo gbàgbé. Mo sì ti mọ̀ kí a tó kúrò ní Okokomaiko."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dun Rónkẹ́ jù. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀.

"Má bínú sí mi."

"Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni Peace wí, ó fà á sókè.

Rónkẹ́ wọ ọkọ̀ tirẹ̀ padà sí Okokomaiko. Nígbà tí Ọlábọ̀dé délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí Modúpẹ́, ìyàwó rẹ̀, fi ń lọ ata fún àwọn ará àdúgbò.

"Kí ni mo ṣe yín?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò dá ọ̀kan sí. "Ẹ yáa gbé e lọ," ni Modúpẹ́ wí, ó sì wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ata náà ti wà lára kọ̀mpírẹ́sọ̀ Rónkẹ́, ó ń dún geere, afẹ́fẹ́ sì ti kún táǹkì. Awakọ̀ kan yà láti fẹ́ táyà.

"Ìyá oníáfẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì yín yìí dáa o! Ta ló bá yín ṣe é?"

Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà. Ọlábọ̀dé dúró, ó ń retí kí ó sọ ọ́: ọ́ìlì, irọ́, ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n pè lólè.

"Ọ̀gá Bọ̀dé tó dúró yẹn ni," ni Rónkẹ́ wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Awakọ̀ náà kí i kú iṣẹ́. Ọlábọ̀dé ìbá gba ìkíni náà, kí ó máa lọ sílé.

"Èmi náà ni mo ba èyí tó kọ́kọ́ rà jẹ́," ni ó wí.