Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Ní Kí N Má Tẹ̀ Ẹ́

Mi ò tíì dárí ji Alhaji Abdulganiyu, ẹ má sì bá wọn bẹ̀ mí.

Ní 1997, àwọn ni ọ̀gá níbi ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù wa ní Tudun Wada, Kàdúná. Èmi Moyinọlá ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí orúkọ gbogbo ẹni tó lè fún èèyàn lẹ́jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá tẹ̀, inú lọ́ọ̀gù ló ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, bí ẹni sáré da ẹrù sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá tẹ CHECKPOINT, dandan ni kó kó gbogbo rẹ̀ wọlé sí àyè rẹ̀. Bí iná bá lọ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan kì í sọnù, àmọ́ nígbà tí iná bá dé, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi tó bá ka lọ́ọ̀gù náà tán.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀, torí mọ́ṣáláṣí fara ti ògiri wa, ariwo jẹnẹrétọ̀ náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn lémọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ rẹpẹtẹ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sabon Tasha. Láti àárọ̀ la ti ń tẹ̀ wọ́n.

"Alhaji, ẹ jẹ́ n tẹ CHECKPOINT kẹ́ ẹ tó pa iná."

"Haba, Moyinọlá! Má tẹ̀ ẹ́. Kí kọ̀ǹpútà tún máa wọ́ bí ìgbín? Parí iṣẹ́ ẹ jàre. Ṣebí ìwọ náà lo ní nǹkan kan kì í sọnù?"

Wọ́n gbé bútà wọn, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ fúnra wọn, wọ́n lọ kírun.

Wọn ò tíì dé tí wọ́n fi gbé Alimat, ìyàwó télọ̀ kan ní Ungwan Shanu, wọlé. Ó ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ̀jẹ̀ O nẹ́gátíìfù tó ṣọ̀wọ́n ni tiẹ̀, kò sì sí nínú fìríìjì wa. A yẹ ọkọ rẹ̀ àtàwọn àna rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá tiẹ̀ mu. Mo tan jẹnẹrétọ̀ láìwo ti mọ́ṣáláṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun ń ka lọ́ọ̀gù.

Alhaji wọlé, wọ́n dúró sẹ́yìn mi. "Kí ló ń falẹ̀ báyìí? Wallahi, o ò mọ iṣẹ́ ẹ!"

Olè wá ń mú olóko! Inú bí mi gan-an. Ẹkún ọkọ Alimat ń wọlé láti ìta, Alhaji sì ń bú mi lọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣí, ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a mu ló wà nítòsí: òṣìṣẹ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́. Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo yíjú sẹ́yìn.

"Alhaji, ẹ ká apá aṣọ yín sókè."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé O nẹ́gátíìfù lẹ ń wá?" ni wọ́n bi mí. Wọ́n jókòó, wọ́n na apá. Àpò náà ò tíì dé ìlàjì nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé, tó ní ká yọ abẹ́rẹ́ náà, Alimat ti kú.